Ikú Alága, Àìsàn Akọ̀wé

                                        Ilé tó kángun sí ilé ìfọṣọ,
                                        Àjà kejì, ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá.

Ọ̀rẹ́ mi tó ti di ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ti ń balẹ̀? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn láìpe orúkọ gbogbo ìdílé yín? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ náà ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn rẹ tó ní aṣọ tí mo rán ń fún òun lọ́rùn? Bá mi sọ fún un pé aṣọ kò fún, ọrùn ló sanra. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú òtútù. Mo mọ̀ pé o ti ń bínú sí mi pé mi ò kọ̀wé. Bínú díẹ̀, kí o wá jókòó, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé dúró gbọ́.

Ara tèmi le. Ilé mi ni kò tòrò.

O rántí àwọn ẹranko méjì tí ọmọ wa obìnrin kó sílẹ̀ fún wa nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sọ́nà jíjìn. Ṣinṣílà ni wọ́n ń pè wọ́n. Nígbà tí o wá kí wa kẹ́yìn, o ní eku ni, o sì kó ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì sórí àga. Kì í ṣe eku. Etí rẹ̀ jọ ti ehoro, ìrù rẹ̀ jọ ti ọ̀kẹ́rẹ́, irun ara rẹ̀ sì rọ̀ débi pé èmi tí mo ti fọwọ́ kan oríṣiríṣi aṣọ láyé mi, mi ò tíì rí èyí tó rọ̀ tó o. Akọ ni àwọn méjèèjì. Ọkọ mi ló sọ wọ́n lórúkọ. Ó pe ọ̀kan ní Alága, torí orí pẹpẹ tó ga jù nínú àgò ló máa ń jókòó sí, tí á káwọ́ sáyà, tí á máa wo gbogbo wa bíi pé a pẹ́ dé ìpàdé. Ó pe èkejì ní Akọ̀wé, torí pé bí o bá fi ìwé sílẹ̀ nítòsí rẹ̀ báyìí, ìwé náà ti di jíjẹ.

Wàhálà wọn kò kéré. Wọn kò fẹ́ ooru rárá, a sì gbé àgò wọn sí yàrá tí mo ti ń ránṣọ torí oòrùn kì í débẹ̀, ni mo bá di àlejò nínú yàrá ara mi. Wọn kì í fi omi wẹ̀. Eruku kúnnákúnná ni wọ́n fi ń wẹ̀, tí wọ́n á máa yí gbirigbiri nínú abọ́, tí eruku náà á sì bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi mọ́lẹ̀. Koríko gbígbẹ ni wọ́n ń jẹ, láàárọ̀, lálẹ́. Kò sí èso, kò sí ẹ̀pà, kò sí ohun dídùn kankan. Mo sọ fún ọkọ mi pé ẹni tó bá ń jẹ irú oúnjẹ yìí, ó yẹ kó pẹ́ láyé, tí kò bá tilẹ̀ gbádùn ún.

O mọ bí ọkọ mi ṣe wà láti ìgbà tí ilé ìtẹ̀wé ti ní kó lọ sinmi. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tó ń fi bírò pupa to àmì sórí ọ̀rọ̀. Dò-re-mí ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn án, àwọn àmì kan sì ń yọ́ kọjá. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ sí i lójú. Wọ́n ra àga fún un, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó gbé àga wálé. Òun náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò kàn jẹ́ sọ ọ́ ni, èmi náà kò sì jẹ́ bi í. Àwọn ẹranko yìí ló ń gbé e dìde lórí ibùsùn láàárọ̀. Òun ló ń fún wọn ní koríko, òun ló ń gbá ìgbẹ́ wọn. Ó tún máa ń ka ìwé ìròyìn sí wọn létí, tó bá sì rí àṣìṣe nínú rẹ̀, á gbé e sún mọ́ àgò, á fi han Alága.

Nígbà tí òjò ń lọ sílé ni Alága bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa oúnjẹ jẹ. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan, ọmọdébìnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀, tí àwọn ẹranko kéékèèké nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ọkọ̀ méjì la wọ̀ kí a tó débẹ̀. Ó gbé Alága sórí ìwọ̀n. Ó bi wá léèrè títí ó fi sú mi: irú koríko wo ni, ẹ̀gbẹ́ wo ló fi ń jẹun, ṣé ó ń gé igi jẹ, ṣé yàrá kì í gbóná. Nígbà tí a bi òun náà ní ìbéèrè kan, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n dájú, pé òun á bi ọ̀gá òun, òun á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Inú mi kò dùn. Mo sọ nínú ọkọ̀ pé a rìnrìn àjò lọ gbọ́ "mi ò mọ̀" ni.

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà dé lálẹ́, níbi tí mo ti ń ṣẹ́ etí aṣọ fèrèsé kan. Bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń kọ ọ́ lòun náà kọ ọ́, kò fi àmì kankan sí i lórí. Bó ṣe wà gẹ́lẹ́ nìyí:

E kaale sa. Oga mi ni ki e ma wo eyin re laraaro. Ti eyin ba ti n funfun, e tete gbe e wa, e ma je ko pe.

Ọkọ mi pòṣé. Ó ní báwo ni ọmọ tó kàwé tó báyìí á ṣe kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wá kà á sí mi létí pé kí a máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ láràárọ̀, pé tí ẹ̀yìn bá ti ń funfun, kí a tètè gbé e wá. Ó kà á ketekete, bí ẹni ń ka ìròyìn. Èmi náà gbọ́, ó sì bọ́gbọ́n mu létí mi. Irun ẹ̀yìn Alága rí bí eérú. Bí làpálàpá bá mú un, ṣebí funfun náà ni yóò ṣe.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn nìyẹn. Láràárọ̀ ni ọkọ mi á gbé e lọ sójú fèrèsé, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí irun rẹ̀ kó lè là, á wò ó láti ọrùn dé ìdí ìrù, á wá jábọ̀ fún mi pé ẹ̀yìn mọ́. Ẹ̀yìn mọ́ lóòótọ́. Ẹni tó ni ẹ̀yìn ló ń rù. Mo rí i pé irun àgbọ̀n rẹ̀ ń tutù, mo rò pé omi tó mu ló dà sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó yán, mo rí eyín iwájú rẹ̀, ó funfun báláú. Mo yìn ín. Mo ní, "Wo eyín Alága, ó mọ́ ju tèmi lọ." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè gbàgbé.

Ọjọ́ tí ọkọ mi lọ sin ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni Alága já bọ́ láti orí pẹpẹ rẹ̀, tí kò sì lè dìde mọ́. Mo fi aṣọ wé e, mo sá jáde pẹ̀lú òṣùwọ̀n ìránṣọ lọ́rùn mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà obìnrin náà, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan la ẹnu rẹ̀, ó tan iná sí i, ó ní kí n wá wò ó. Àwọn eyín ẹ̀yìn ti gùn, wọ́n ti mú ṣóńṣó, wọ́n sì ti gún ahọ́n rẹ̀ yánnayànna. Ebi ló ń pa á ní gbogbo ìgbà tí koríko wà níwájú rẹ̀. Dókítà ní eyín ṣinṣílà kì í dáwọ́ dúró láti máa hù. Ó ní iwájú la ti ń kọ́kọ́ mọ̀, pé èyí tí ara rẹ̀ bá le, eyín rẹ̀ a máa pupa rúsúrúsú bí èèpo ọsàn tó pọ́n, ìgbà tó bá ti ń funfun ni kí èèyàn sáré. Ó wá wò mí, kò bínú rárá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ò rí àtẹ̀jíṣẹ́ mi ni? Mo ní kí ẹ máa wo eyín ẹ̀."

Ìgbà tó pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ni mo tó gbọ́ ọ. Mo ní a rí i. Alága kú lórí tábìlì rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo ń dìde, ó ní kí a tètè gbé èkejì wá, pé oúnjẹ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, òun sì fẹ́ wo ẹnu rẹ̀.

Ọkọ mi dé láti ibi ìsìnkú, ó bá mi níwájú àgò. Kò sunkún. Ó bi mí pé kí ni dókítà wí, mo ní ó ní eyín ló fà á. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹni tó ní ká máa wo ẹ̀yìn, òun ló tún wá ń sọ ti eyín? Ó ti rí i pé òun ti ba nǹkan jẹ́ ni, ló fi ń yí ohùn padà." O mọ̀ ọ́n ní ẹni tí kì í bú èèyàn. Ó bú ọmọ yẹn tìyá-tìyá. Ó ní Akọ̀wé kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láéláé, pé kò sí ẹni tó máa pa méjì mọ́ òun lọ́wọ́.

Mi ò sọ ohun tí mo mọ̀. Má bi mí pé kí ló dé, torí mo ti bi ara mi. Ṣé kí n wá sọ fún Dò-re-mí pé òun ló ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbòdì, pé ìkàwé rẹ̀ ló pa ohun kan tó kù tó ń mú inú rẹ̀ dùn? Èmi ni mo sùn tì í ní gbogbo ìgbà tí ilé ìtẹ̀wé fi ń wá bí wọ́n ṣe máa lé e. Mo ní kí n jẹ́ kó sọ̀fọ̀ ná. Mo ní màá sọ ọ́ tó bá di ọ̀la, ọ̀la sì ń di ọ̀la mìíràn.

Ó wá lọ pe dókítà ajá tó wà nígun òpópónà wa. Ọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú ariwo, ó ti ń dáhùn kí a tó bi í. Ó di ìrù Akọ̀wé mú, ó fi gbé e sókè, irun sì ṣí bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ìdì kan, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń já irun sílẹ̀ tí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Ó ní, "Ẹ wò ó, mo ti sọ fún yín, kòkòrò ni." Kò tíì sọ nǹkan kan fún wa tẹ́lẹ̀ o. Kò gbé e sórí ìwọ̀n, kò wo ẹnu rẹ̀. Ó ní kí a máa fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kó lè lágbára, kí a sì fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi ń mi orí. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn pé ọkùnrin yìí kò ní "mi ò mọ̀" lẹ́nu.

Ìdí ẹ̀rọ ni mo ti ń da ọ̀rọ̀ àwọn dókítà méjèèjì rò. Èyí tí mo fojú rénà pé kò mọ̀, òun ló fọwọ́ kan ibi gbogbo kó tó sọ̀rọ̀, òun ló sì lọ bèèrè. Èyí tó mọ gbogbo nǹkan kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà ìrù kọ́ ni wọ́n ń gbà gbé e. Mo mọ ẹni tí mo gbà gbọ́. Síbẹ̀ mo jókòó, mo ń rán aṣọ fèrèsé.

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í mú koríko, á gbé e dé ẹnu, á jù ú sílẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló ń lá. Ìwé ìròyìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kò fi ẹnu kàn án. Nígbà tí ọkọ mi jáde, mo rọra gbé ètè rẹ̀ sókè. Eyín rẹ̀ ti funfun. Ojú rẹ̀ ọ̀tún sì ń ṣomi.

Ọjọ́ tí ọkọ mi gbé abọ́ omi wá láti wẹ̀ ẹ́ ni mi ò lè dákẹ́ mọ́. Ó ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Mo ní, "Má rì í sómi. Dókítà obìnrin yẹn kò yí ohùn kankan padà. Eyín ló kọ sí wa. Ìwọ lo kà á sí ẹ̀yìn."

Ó fi Akọ̀wé lé mi lọ́wọ́, ó lọ mú fóònù rẹ̀, ó wá ọ̀rọ̀ náà kàn. Mo gbọ́ tó ń kà á sókè. Ó kọ́kọ́ kà á bó ṣe kà á nígbà náà. Ó wá tún un kà, ó pe eyín. Ibẹ̀ ló ti gbé fóònù sílẹ̀. Ó da omi nù, ó tẹ́ aṣọ sínú agbọ̀n, ó wọ bàtà. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ó tó kí i tán ló ti ní, "Èmi ni mo kà á gbòdì. Ẹ má bínú." Ọmọ náà ní rárá sà, pé àṣìṣe tòun ni, òun ni kò fàmì sí i. Ọkọ mi ní iṣẹ́ òun ni láti mọ̀ ọ́n láìní àmì.

Wọ́n fún Akọ̀wé lóògùn oorun, wọ́n gé eyín rẹ̀. Dókítà fi àwòrán orí rẹ̀ hàn wá. Gbòǹgbò eyín ti hù gba òkè, ó ti dé abẹ́ ojú. Ó ní èyí kò ní san, pé wọ́n á kàn máa gé e lóòrèkóòrè ni, títí ara rẹ̀ kò fi ní gbà á mọ́. Ọkọ mi bi í pé ká ní a gbé e wá lọ́sẹ̀ tí èkejì kú ńkọ́. Ọmọ náà wò mí, ó ní ó ṣeé ṣe kó yàtọ̀.

Inú ọkọ̀ ni ọkọ mi ti bi mí pé ọjọ́ wo ni mo ti mọ̀. Mo ní ọjọ́ tí Alága kú. Ó ní, "O jẹ́ kí n máa bú ọmọ ọlọ́mọ." Mo ní mi ò fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ ni. Ó kọjú sí fèrèsé títí a fi délé.

Akọ̀wé ṣì wà láàyè bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ọkọ mi ló ń po lẹ́búlẹ́bú koríko mọ́ omi, tó ń fi sírínjì tẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, ohùn rẹ̀ á rọ̀. Ó máa ń sọ fún un pé kó rọra, pé òun kò kánjú, pé òun ni kó bínú sí.

Ní ti èmi, kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Ọ̀rẹ́ mi, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí. "Ẹ káàárọ̀." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé aṣọ ìnuwọ́ yẹn." Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, tí ìyá rẹ̀ ní kò bójú mu bí mo ṣe ń pè é ní "ìwọ", òun ló dá màmá lóhùn pé àlejò là ń pè ní "ẹ", pé òun kò gbé àlejò wálé. Láàárọ̀ yìí mo bu ẹ̀kọ fún un, mo ní, "Jẹun, o ò jẹun lánàá." Ó gba abọ́ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Mi ò ní kí o wá bá wa parí ìjà, torí kò sí ìjà nílẹ̀. Mi ò sì tíì sọ fún ọmọ wa. Bí ó bá pè ọ́, sọ pé o kò gbọ́ nǹkan kan, màá sọ ọ́ fún un fúnra mi. Ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún láìbo ojú ni mò ń wá, ìwọ sì ni.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Kí ìyá àgbà, sọ fún wọn pé mo ti rí bọ́tìnnì tí wọ́n ń wá. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ dáadáa. Bí ó bá pè ọ́ ní "ìwọ" lónìí, jọ̀ọ́, tètè dá a lóhùn.

Èmi tí o mọ̀ dénú,
Ìyá Aránṣọ